Páànù Tuntun fún Ọkọ̀ Àtijọ́: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Irin Kí Ọ̀dà Tó Kàn Án

Fẹ́ńdà, bọ́nẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀kùn tàbí irin pẹrẹsẹ tí a rà tuntun láti fi rọ́pò èyí tó ti dípẹtà lára ọkọ̀ àtijọ́, dúdú ló sábà máa ń dé. Ó máa ń dán díẹ̀, ó mọ́ lójú, ó sì máa ń ṣe ènìyàn bíi pé kó kàn gbé gọ́ọ̀nù kó máa fín ọ̀dà sí i lọ. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà kò lè lágbára ju ohun tó dúró lé lọ. Bí dúdú yẹn kò bá di irin mú, gbogbo ohun tí ẹ bá kùn lé e lórí máa bá a bó ni. Ìpẹtà náà kì í sì í bẹ̀rẹ̀ láti ojú páànù tí gbogbo ènìyàn ń wò. Inú ló ti ń bẹ̀rẹ̀: níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ irin po, lábẹ́ orí bóòtù, ní etí tí ọ̀dà ti fẹ́lẹ́. Èmi gbà pé ẹni tó bá tọ́jú ẹ̀yìn páànù àti etí rẹ̀ dáadáa ti ṣe èyí tó ṣòro jù, nítorí náà ibẹ̀ ni mo máa pẹ́ sí jù.

Ẹ kọ́kọ́ dè é mọ́ ọkọ̀ wò

Kí sáńpépà tó kan páànù náà rárá, ẹ gbé e lọ síbi tó máa wà, ẹ fi bóòtù dè é, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn àti bọ́nẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pa. Páànù tí kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló ṣe é kì í sábà bọ́ sójú ibi tó yẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ihò bóòtù lè yẹ̀ díẹ̀, igun kan lè ta síta, àyè tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti fẹ́ńdà lè fẹ̀ lókè kó sì há nísàlẹ̀. Gbogbo fífẹ ihò, gígé, títẹ̀ àti jíjó gbọ́dọ̀ parí kí práímà, ìyẹn ọ̀dà àkọ́kọ́ tó ń di irin mú, tó gorí irin, àfi práímà onísíńkì tí a ń lò fún jíjó, tí mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀. Bí ẹ bá kùn ún tán kí ẹ tó rí i pé ihò kò bára mu, díríìlì yín máa ṣí irin sílẹ̀ gan-an níbi tí omi ti máa ń kó jọ.

Nígbà tó bá ti jókòó bó ṣe yẹ, ẹ lu ihò méjì tó tó 3 mm gba inú páànù àti irin tó dè mọ́, níbi tí ojú kò tó. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń dè é padà lẹ́yìn ọ̀dà, ẹ ki irin tí kò nípọn ju ihò náà lọ bọ inú rẹ̀, páànù á padà sí ojú ibi tó wà láìsí wàhálà àti láìha ọ̀dà tuntun. Ohun mìíràn tún wà nínú wíwọ̀ wò yìí tó kan àpò: ọ̀pọ̀ olùtajà kì í gba páànù padà mọ́ tí sáńpépà tàbí ọ̀dà bá ti kàn án. Bí kò bá ní bára mu, ìgbà yìí ló yẹ kí ẹ mọ̀.

Dúdú wo ló wà lára rẹ̀?

Oríṣi méjì ni dúdú yìí, wọ́n sì jọra lójú. Àkọ́kọ́ ni E-coat. Wọ́n ti ri páànù bọ inú àgbá ọ̀dà olómi, wọ́n fi iná mànàmáná fa ọ̀dà náà mọ́ irin, wọ́n sì yan án nínú ààrò gbígbóná. Kò nípọn, ó máa ń wà ní nǹkan bíi máíkírọ̀nù 20, ṣùgbọ́n ó le, ó sì wọ ibi tí gọ́ọ̀nù kò lè dé. Èkejì, tí mo máa pè ní ọ̀dà ìrìnàjò, jẹ́ ọ̀dà pọ́ọ́kú tí wọ́n kàn fín sí i kí irin má bàa dípẹtà nínú ọkọ̀ ojú omi àti nínú ilé ìkẹ́rù. Òun kì í ṣe ìpìlẹ̀ fún ohunkóhun.

Ẹ má fi ojú dá a mọ̀, ẹ dán an wò. Ẹ da tínà tó lágbára sí àkísà funfun, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi kan lẹ́yìn páànù fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, kí ẹ wá fi agbára nù ún. Bí àkísà bá dúdú kirikiri, tí ibẹ̀ rọ̀ tàbí tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tí èékánná sì lè ha á dé irin, ọ̀dà ìrìnàjò ni. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kúrò. Bí kò bá yí padà tó sì le bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, E-coat ni. Ẹ dán an wò níwájú, lẹ́yìn, àti nítòsí etí, torí mo ti rí páànù tí ojú rẹ̀ le dáadáa tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì rọ̀.

Àwọn kan nínú iṣẹ́ yìí máa ń sọ pé kí a bó gbogbo dúdú dànù láìwo ohun tó jẹ́. Èmi ò fara mọ́ ọn. E-coat tó di irin mú dáadáa ti wọ inú ibi tí wọ́n ṣẹ́ po. Bí ẹ bá bó o, kò sí ohun tí ẹ lè fi rọ́pò rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ kàn fi sáńpépà jí ojú rẹ̀. Àmọ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Níbi tí wọ́n bá ti gbá a nígbà tí wọ́n ń gbé e, tí ẹ rí irin tàbí àmì pupa, ẹ ha ibẹ̀ dé irin mímọ́ títí tí ẹ ó fi dé ibi tí E-coat ti dì mú gírígírí, kí ẹ sì fi sáńpépà tẹ́ etí rẹ̀ kó má bàa ga sókè.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ máa bó gbogbo rẹ̀, tínà àti àkísà lè kó ọ̀pọ̀ nínú ọ̀dà ìrìnàjò lọ, kí ẹ wá fi sáńpépà P80 tẹ̀ lé e (bí nọ́ńbà tó tẹ̀ lé P bá ṣe kéré tó ni sáńpépà náà ṣe rí gbàràgbàrà tó). Ẹ ṣọ́ ooru lójú irin pẹrẹsẹ. Irin ara ọkọ̀ kò nípọn, 0.8 mm ló wọ́pọ̀, bí gíráńdà bá sì dúró lójú kan, irin máa wú, kò sì ní padà sí bó ṣe wà. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ gíráńdà máa rìn; ibi tí ọwọ́ yín kò bá lè gbé lé, ẹ fi sílẹ̀ kó tutù kí ẹ tó padà síbẹ̀. Kẹ́míkà tí a fi ń bó ọ̀dà máa ń wọ inú ibi tí wọ́n ṣẹ́ po, ó sì lè máa jò jáde lábẹ́ ọ̀dà tuntun nígbà tó bá yá, nítorí náà ẹ má mú un dé etí ilẹ̀kùn àti etí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Fífi yanrìn fọ́n irin dára fún ohun tó nípọn, bí irin tó ń gbé ẹ́ńjìnnì tàbí apá kan ṣáàsì. Lójú bọ́nẹ́ẹ̀tì pẹrẹsẹ, ó lè na irin kó sì di gbágungbàgun.

Fọ̀ ọ́ kí sáńpépà tó kàn án

Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń yí iṣẹ́ po. Ọ́ìlì, gíríìsì àti sílíkónì wà lára páànù tuntun láti ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ àti láti ọwọ́ gbogbo ẹni tó gbé e. Bí sáńpépà bá ṣáájú, á ti ọ́ìlì náà wọ inú àwọn ìlà tó ń ha sójú irin, àkísà kò sì ní lè fà á jáde mọ́.

Omi àti ọṣẹ ìfọ̀bọ́ ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀, torí iyọ̀ àti òógùn ọwọ́ kì í bá kẹ́míkà ìnu-ọ́ìlì lọ, omi ló ń gbé wọn. Ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án, kí ẹ nù ún gbẹ láti inú dé òde, kí ẹ fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ ibi tí wọ́n ṣẹ́ po. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ mú kẹ́míkà ìnu-ọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ ọ̀dà. Àkísà méjì ló ń ṣiṣẹ́ yìí: ọ̀kan tó tutù fún kíkùn ún, ọ̀kan tó gbẹ fún nínù ún kúrò kó tó gbẹ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kó gbẹ lójú irin, ọ́ìlì tó ti yọ́ náà á padà jókòó síbi tó wà. Nítorí náà, ẹ máa ṣe ibi tí kò ju ìwọ̀n ìwé ìròyìn kan lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì máa yí àkísà padà léraléra.

Bẹntiróòlù àti kẹrosíìnì kò yẹ fún iṣẹ́ yìí, wọ́n máa ń fi ọ́ìlì sílẹ̀. Tínà ọlọ́pọ́ọ́kú náà kò dára fún nínù ìkẹyìn. Kẹ́míkà ìfọ-bíréèkì tó ní chlorine léwu gan-an bí ẹ bá ṣì máa jó irin: ooru àti iná wẹ́dà máa ń sọ ọ́ di phosgene, afẹ́fẹ́ olóró tó lè pa ènìyàn.

Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ó mọ́? Ẹ da omi mímọ́ sí i kí ẹ sì wo bó ṣe ń ṣàn. Lójú irin tó mọ́, omi máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìbora kan ṣoṣo, kò sì ní já. Níbi tí ọ́ìlì bá ṣẹ́kù, omi á sá sẹ́yìn, á ká jọ di ẹ̀kán kéékèèké, ẹ ó sì máa rí ojú irin gbígbẹ láàárín wọn. Ẹ tún ibẹ̀ nù. Lẹ́yìn ìdánwò yìí, ẹ nù ún gbẹ kíákíá, pàápàá bí ó bá jẹ́ irin lásán. Láti ìgbà yìí lọ, ọwọ́ lásán kò gbọ́dọ̀ kan irin mọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ẹni tó bá fi ọwọ́ tó láàgùn gbé irin tí kò ní ọ̀dà lára, ó lè padà dé lọ́jọ́ kejì kó bá àmì ìka rẹ̀ níbẹ̀, ó ti di pupa, títí kan ìlà orí ìka.

Ẹ̀yìn, etí, àti ibi tí wọ́n ṣẹ́ po

Ẹ wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Irin ìta ni wọ́n ṣẹ́ po mọ́ irin inú, bí a ṣe ń ṣẹ́ etí aṣọ kí okùn rẹ̀ má bàa tú. Láàárín irin méjèèjì yìí ni omi máa ń wọ̀ tí kì í rọrùn láti jáde. Lára páànù tí ọ̀dà ìrìnàjò nìkan wà, irin lásán ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, torí ọ̀dà tí wọ́n fín kò dé ibẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ rí i pé ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ kò dí. Lẹ́yìn náà, ẹ po epoxy práímà díẹ̀ (práímà tí a ń po pẹ̀lú hádínà, kẹ́míkà tó ń mú kó le), kí ẹ dín in kù pẹ̀lú tínà tirẹ̀ dé ìwọ̀n tí ìwé àlàyé rẹ̀ gbà láàyè. Ẹ gbé ilẹ̀kùn kó dúró lórí etí tó ṣẹ́ po náà, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tàbí sírínjì da práímà sí ojú ìpàdé irin méjèèjì láti inú, kí ẹ wá máa yí ilẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún àti sósì kó lè ṣàn wọ inú. Ó máa ń mu ún fúnra rẹ̀. Ẹ ó rí i tó ń fà wọlé lójú ìlà náà. Ẹ má yára. Ẹ nu èyí tó bá jáde síta, kí ẹ sì ki igi tín-ín-rín bọ àwọn ihò omi kí práímà má bàa dí wọn. Bí èyí bá gbẹ, síìlà, ohun tí a fi ń dí ojú ìpàdé irin kí omi má wọlé, ló máa tẹ̀ lé e. Orí práímà ni síìlà ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe orí irin lásán. Bí ẹ bá fi síìlà lé irin lásán, ọ̀rinrin lè gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, ẹ kò sì ní tètè mọ̀.

Etí gígé náà ní ọ̀ràn tirẹ̀. Ọ̀dà olómi máa ń sá kúrò lórí etí tó mú bí abẹ, tó fi jẹ́ pé ibi tí ìgbálù pọ̀ jù ni ọ̀dà ti ń fẹ́lẹ́ jù. Ẹ fi fáìlì tàbí P180 pa mímú etí náà títí tí ìka tó wọ ìbọ̀wọ́ yóò fi lè gbà á kọjá láìkọ́. Bákan náà ni etí gbogbo ihò tí ẹ lù. Nígbà tí ẹ bá ti po práímà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun gbogbo etí, ihò àti ojú ìpàdé kí ẹ tó gbé gọ́ọ̀nù rárá. Àwọn tó ń kun afárá irin àti ọkọ̀ ojú omi ní irú àṣà yìí pẹ́, kò sì sí ìdí tí kò fi yẹ ká ṣe é fún fẹ́ńdà.

Bí wẹ́dà bá máa jó páànù náà mọ́ ọkọ̀, ẹ mú gbogbo dúdú kúrò níbi tí irin méjèèjì ti máa pàdé, kí ẹ fín práímà onísíńkì tí wọ́n ṣe fún jíjó sí ojú méjèèjì, ẹ̀ẹ̀kan péré, kó fẹ́lẹ́. Kò gbọ́dọ̀ tàn ká ojú ìta, torí ọ̀dà kì í fẹ́ràn láti dì í mú. Lẹ́yìn jíjó, ẹ ha gbogbo èyí tó jó dànù dé irin mímọ́ kí epoxy tó gorí rẹ̀. Èéfín síńkì máa ń fa ibà àti òtútù fún ẹni tó bá fà á símú, nítorí náà atẹ́gùn gbọ́dọ̀ máa fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Ojú ọkọ̀ àtijọ́ tí páànù máa lẹ̀ mọ́ náà lè ní ọ̀dà tó ní òjé. Ẹ fi omi ha á, ẹ má gbẹ́ ẹ di eruku, kí ọmọdé má sì sí nítòsí.

Sáńpépà

Lórí E-coat, P320 ní gbígbẹ tàbí páàdì pupa, èyí tó ń ha nǹkan bíi sáńpépà, ti tó. Dídán rẹ̀ nìkan ni ẹ ń pa, ẹ kò bó o. Níbi tí ìlà àti igun bá wà, ẹ fi páàdì ṣe é, torí sáńpépà máa ń jẹ góńgó igun tán kó tó kan inú rẹ̀. Lórí irin lásán, ẹ fi P80 tàbí P120 mú dúdú àti ìpẹtà kúrò, kí ẹ sì parí rẹ̀ pẹ̀lú P180. Irin tó dán bíi dígí kò ní ibi tí práímà lè fi ọwọ́ mú, ṣùgbọ́n bí ojú sáńpépà bá rí gbàràgbàrà jù, ìlà rẹ̀ á máa yọ lábẹ́ ọ̀dà lẹ́yìn oṣù díẹ̀.

Ìpẹtà tó ti gbẹ́ ihò kéékèèké sínú irin kò ní bá sáńpépà lọ. Ásíìdì phosphoric lè jẹ ẹ́ jáde, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ gbẹ lójú irin. Ẹ jẹ́ kó máa tutù, kí ẹ ṣàn án kúrò bí ìgò rẹ̀ ṣe sọ, kí ẹ nu irin gbẹ kíákíá, kí ẹ sì tún fi sáńpépà ha ibẹ̀. Ásíìdì tó bá ṣẹ́kù lè máà jẹ́ kí epoxy gbẹ dáadáa kó sì di irin mú. Fún ìdí yìí, èmi kì í fẹ́ kí kẹ́míkà tó ń sọ ìpẹtà di dúdú wà lábẹ́ epoxy. Irin mímọ́ ni epoxy fẹ́.

Bí páànù bá ní síńkì lára láti ilé-iṣẹ́, ẹ fi páàdì pa á lára jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láìbó síńkì náà. Bí ó bá sì jẹ́ aluminiomu, ẹ lo sáńpépà tuntun tí kò tíì kan irin mìíràn, torí èérún irin tó bá há sí i á dá ìjẹrà sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀dà. Aluminiomu kì í dúró dè yín, ẹ fín in láàárín wákàtí díẹ̀.

Ẹ fẹ́ eruku kúrò, ẹ tún fi kẹ́míkà ìnu-ọ́ìlì àti àkísà méjì nù ún, kí ẹ fi àkísà tó ń lẹ̀ gbá eruku ìkẹyìn. Irin lásán gbọ́dọ̀ rí práímà lọ́jọ́ náà. Ẹ má bó páànù mẹ́rin lónìí pẹ̀lú èrò pé ẹ ó kùn wọ́n lọ́jọ́ mìíràn.

Práímà wo ló yẹ?

Fún páànù àtúnṣe, epoxy alágolo méjì ni mo fara mọ́, èyí tí a ń po pẹ̀lú hádínà rẹ̀. Ó di irin mú, ó di E-coat mú, omi kì í gbà á kọjá bọ̀rọ̀, pọ́tì (ohun tí a fi ń dí kòtò ojú irin) sì lè jókòó lé e lórí. Etch primer, tó ní ásíìdì, máa ń fẹ́lẹ́ púpọ̀, ó sì ń di irin lásán mú dáadáa, ṣùgbọ́n pọ́tì kò yẹ lórí rẹ̀, ọ̀pọ̀ epoxy kò sì fẹ́ wà lórí rẹ̀. Ẹ yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Práímà kíkún, tí àwọn pẹ́ńtà ń pè ní súfásà, wà fún títẹ́ ojú. Ó máa ń mu omi, kì í ṣe ohun tó ń dáàbò bo irin. Práímà inú agolo tí kò ní hádínà kò yẹ fún ohun tí ẹ fẹ́ kó pẹ́: omi máa ń gba inú rẹ̀ kọjá dé irin.

Ohunkóhun tí ẹ bá yàn, láti ilé-iṣẹ́ kan náà ni kí práímà, hádínà àti tínà ti wá, kí ẹ sì tẹ̀ lé ìwé àlàyé wọn bí ó bá yàtọ̀ sí ohun tí mo kọ síbí.

Pípò àti fífín

Ẹ tọ́jú ara yín kí ẹ tó ṣí agolo. Hádínà súfásà àti ti ọ̀pọ̀ ọ̀dà òde òní ní kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ isocyanate, tó lè fún ènìyàn ní asthma, àìsàn tí kì í jẹ́ kéèyàn mí dáadáa, títí láé, kì í sì í ní òórùn tó máa kìlọ̀ fún yín pé ìbòmú ti gbó. Ìbòmú tí a ń fi pọ́ọ̀pù fún ní afẹ́fẹ́ mímọ́ ló yẹ wọ́n. Fún epoxy tí kò ní isocyanate, ìbòmú tó ní àlẹ̀mọ́ fún oru kẹ́míkà àti fún eruku tó. Ẹ bo awọ ara àti ojú, torí hádínà epoxy lè mú kí ara máa kọ̀ ọ́ títí lọ. Kò gbọ́dọ̀ sí iná tàbí sìgá nítòsí.

Ẹ ro agolo práímà láti ìdí rẹ̀, torí ohun tó ń dáàbò bo irin ti sọ̀kalẹ̀ síbẹ̀. Ẹ fi ife tó ní ìlà wọ̀n ọ́n. Hádínà tó pọ̀ jù kì í mú kó yá, ó ń bà á jẹ́ ni. Àwọn epoxy kan fẹ́ kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 30 lẹ́yìn pípò kí ẹ tó lò wọ́n, àwọn mìíràn kò fẹ́. Ẹ sẹ́ ẹ kó tó wọ gọ́ọ̀nù.

Páànù gbọ́dọ̀ ti wà nínú yàrá fún wákàtí díẹ̀ kó lè gbóná tó yàrá náà. Irin tó tutù tí a gbé wọ ibi gbígbóná máa ń làágùn, omi náà kò sì ní hàn lójú. Òfin tó wà ni pé kí irin gbóná ju ìwọ̀n tí ìrì fi ń sẹ̀ lọ pẹ̀lú 3 °C ó kéré jù. Ọ̀pọ̀ epoxy kò fẹ́ kí ooru lọ sílẹ̀ ju 15 °C lọ, kódà lóru tí ẹ bá ti lọ sùn. Ẹ tú omi inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ dànù, kí ẹ sì rí i pé àlẹ̀mọ́ omi wà lójú ọ̀nà afẹ́fẹ́.

Nọ́sù, ìyẹn ihò ẹnu gọ́ọ̀nù, tó jẹ́ 1.4 sí 1.6 mm ló bá epoxy mu. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe etí, ẹ fín ẹ̀yìn, kí ẹ tó kọjú sí iwájú. Ẹ di gọ́ọ̀nù mú ní 15 sí 20 cm sí irin, kó kọjú sí i gbọngbọn, kí gbogbo apá máa rìn dípò ọrùn ọwọ́. Ẹ tẹ gọ́ọ̀nù kó tó dé etí páànù, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti kọjá etí kejì, kí ìlà kọ̀ọ̀kan sì gorí ìdajì èyí tó ṣáájú. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tutù kó sì tẹ́, kò gbọ́dọ̀ dà bí eruku gbígbẹ. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15 sí 30 títí dídán rẹ̀ yóò fi rọlẹ̀, kí ẹ fín ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà méjì tó. Bí ẹ bá fi ìkánjú dà á nípọn, tínà á há sábẹ́, á sì yọ jáde bí ihò abẹ́rẹ́.

Bí kòkòrò tàbí eruku bá bà lé e, tàbí tí ọ̀dà bá ṣàn, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá, sáńpépà á tún un ṣe.

Lẹ́yìn epoxy

Pọ́tì, níbi tó bá yẹ, máa lọ sórí epoxy tó ti gbẹ tí ẹ fi P180 pa lára. Ẹ fi sáńpépà ha á tẹ́jú kí súfásà tó gorí rẹ̀ ní ìgbà méjì tàbí mẹ́ta, pẹ̀lú nọ́sù 1.7 sí 1.9 mm. Bí súfásà bá gbẹ, ẹ fi lẹ́búlẹ́bú dúdú pa gbogbo rẹ̀ lára kí ẹ tó fi sáńpépà orí pákó ha á: P320, P400, kí ẹ parí pẹ̀lú P500 tàbí P600. Ibi tí dúdú bá ṣẹ́kù ni ibi tó kòtò. Ní gbígbẹ ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe é, torí súfásà ń mu omi, omi náà á sì wà lábẹ́ ọ̀dà. Níbi tí irin bá ti fojú hàn, pàápàá lórí ìlà àti etí, epoxy ni kí ẹ fi pa ibẹ̀, ẹ má fi súfásà bò ó.

Àwọn irin kéékèèké, ìnjì àti irin tó ń di bọ́ńpà mú, ẹ fi wáyà so wọ́n rọ̀ kí gọ́ọ̀nù lè yí wọn ká. Ẹ fi tépù bo ojú nọ́ọ̀tì, ojú tí wáyà iná ń fi kan ara ọkọ̀, àti ojú tí bíréèkì tàbí táyà ń jókòó lé. Ọ̀dà tó nípọn lábẹ́ bóòtù máa ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí bóòtù á fi tú. Ẹ má sì ri sípíríǹgì tàbí bóòtù líle, àwọn tí wọ́n kọ 10.9 tàbí 12.9 sí lórí, sínú ásíìdì láti mú ìpẹtà kúrò. Haidirojini á wọ inú irin líle bẹ́ẹ̀, ó sì lè ṣẹ́ lójijì lábẹ́ ẹrù.

Páànù tí ẹ ti fi epoxy kùn tí kò tíì kan ọ̀dà ìkẹyìn, inú ilé ni kó wà. Oòrùn máa ń sọ ojú epoxy di ẹfun, súfásà á sì máa fa ọ̀rinrin. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fín in sí tépù kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ìwé àlàyé epoxy yín máa sọ iye ọjọ́ tí ohun mìíràn lè gorí rẹ̀ láìlo sáńpépà. Lára àwọn kan ó jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, lára àwọn mìíràn ó tó ọ̀sẹ̀ kan. Bí ọjọ́ náà bá ti kọjá, ẹ fi P320 tàbí páàdì pupa pa gbogbo ojú rẹ̀ títí kò fi ní sí ibi tó ń dán mọ́, ẹ tún fi àkísà méjì nù ún, kí ẹ tó fín ohun tó kàn.